Bí Mo Ṣe Wọ Kúrúùsì Ọlọ́jọ́ Méje ní Galveston: Ìwé, Ẹrù àti Aago

Ọkọ̀ kúrúùsì, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, tí mo wọ̀ ṣí ní Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kìíní. Ó yà sí Cozumel àti Costa Maya ní Mẹ́síkò, ó sì padà dé lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Galveston ni èbúté kúrúùsì tó súnmọ́ àwa Yorùbá Houston jù, nǹkan bíi máìlì 50 láti àárín ìlú. Òpópónà I-45 ni ẹ óò gbà títí ẹ óò fi kọjá afárá. Mi ò ní sọ bí òkun ṣe rẹwà. Iṣẹ́ tó wà nídìí ìrìnàjò yìí ni mo fẹ́ sọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ parí kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mójú tó, torí kò sí ẹni tí yóò bá yín tún un ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti ọdún 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń lo àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn máa kó èrò káàkiri àwọn èbúté Amẹ́ríkà láìyà sí òkèèrè. Àsíá Bahamas, Panama tàbí Bermuda ló pọ̀ jù lórí ọkọ̀ kúrúùsì. Ìdí rèé tí ọkọ̀ Galveston fi máa ń kan Mẹ́síkò tàbí ibòmíràn lókèèrè. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti kúrò ní èbúté, ẹ ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Wíwọlé padà ló kù, òun gan-an sì ni ìwé wà fún.

Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà lè fi ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba wọ kúrúùsì tó bá padà síbi tó ti ṣí. Mo ṣì ní kó mú pásípọ́ọ̀tù dání, torí bí ọkọ̀ bá fi í sílẹ̀ ní Mẹ́síkò, ìwé ọjọ́ ìbí kò lè gbé e wọ bàálù. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì yóò mú káàdì náà àti pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí kò tíì kú, méjèèjì papọ̀. Mẹ́síkò kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ní gíríìnkáàdì. Àwọn òbí tó wá kí ọmọ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ní oṣù Keje ọdún 2025, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, olóṣù mẹ́ta, ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn, pápákọ̀ òfurufú ni ìyá ti lò ó tán. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Entries" sí lórí físà náà: lẹ́tà M ni ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 1 ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó sílé.

Orúkọ wa náà ní wàhálà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí orúkọ ṣe wà ní ìlà méjì ìsàlẹ̀ ojú ewé àwòrán nínú pásípọ́ọ̀tù, níbi tí wọ́n fi < pín ọ̀rọ̀ sí, ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, tí gíríìnkáàdì rẹ̀ sì ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, gbọ́dọ̀ mú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ owó àṣekágbá tó pé. Fún kúrúùsì ọlọ́jọ́ méje, ó máa ń tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ìrìn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọ́n lè sọ pé ẹ fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò èrò ni, kí wọ́n sì gbówó lé e.

Lórí yàrá, mo ṣí àwòrán àjà ọkọ̀ kí n tó sanwó. Ọkọ̀ òkun dà bí jangirọ́fà: orí méjèèjì ló ń lọ sókè sódò, àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Yàrá àárín ọkọ̀, lájà ìsàlẹ̀, ló dára jù fún ẹni tí òòyì ń kọ́. Ohun kejì tí mo wò ni pé yàrá èrò ló wà lókè mi, yàrá èrò ló sì wà nísàlẹ̀ mi. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ àjà tí odò ìwẹ̀ wà yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá sùn sókè ilé ijó kò ní sùn kí ilé ijó tó sùn. Iwájú pátápátá lájà ìsàlẹ̀ náà ní ariwo tirẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń ti imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń gúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Oògùn òòyì, bíi meclizine, kí ara tó bàjẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, inú kò ní gbà á mọ́. Ẹni tó ń lo oògùn mìíràn, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ẹrù: ọ̀nà méjì ni mo pín in sí. Àpótí ńlá ni àwọn aláàárù èbúté máa ń gbà níta, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Nítorí náà, ohun tí mo máa lò títí di aago mẹ́jọ alẹ́ wà nínú àpò ọwọ́: pásípọ́ọ̀tù, gíríìnkáàdì, oògùn, ṣájà, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan, ìpààrọ̀ kan. Oògùn ọjọ́ mẹ́wàá ni mo kó fún ìrìn ọjọ́ méje. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò jù níbi ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò, pàápàá èyí tó ní surge protector nínú, ohun tó ń dènà iná tó bá ṣàdédé lágbára jù. Wọn kì í ṣe é láti fi dààmú yín. Iná ọkọ̀ kò rí bíi ti ilé, tí okùn kan nínú wáyà mẹ́ta yóò ti lọ sínú ilẹ̀. Lórí omi, ohun tó yẹ kó dáàbò bo iná yẹn lè gbóná kó sì gbiná. Ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti ọdún 2013. Ṣájà kékeré olójú USB mẹ́rin ni mo mú dípò rẹ̀. Irin ni ògiri yàrá, nítorí náà mo mú ìkọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́fà láti fi fìlà, báàgì àti aṣọ tútù kọ́. Yàrá kúrúùsì kéré, ògiri ni kọ́bọ́ọ̀dù kejì.

Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù kì í wọlé. Alẹ́ oge kan tàbí méjì wà nínú ọjọ́ méje, ojú sì máa ń wá ẹni tó wọ aṣọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gínnì wá láìronú, ibi tó bá ti ká ni yóò ti rún. Léèsì tàbí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló mọ́gbọ́n dání, gèlè sì ń sùn gbalaja nísàlẹ̀ àpótí láìrún. Bí gínnì bá pọn dandan, ẹ fi ránṣẹ́ sí alágbàfọ̀ ọkọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, iye owó wà lórí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí èrò ti lè lọṣọ fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn kò ní in rárá.

Oúnjẹ sísè láti ilé, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù kò ní kọjá. Ìpanu tí wọ́n dì láti ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú ìgò wáìnì kan, 750 ml, nínú àpò ọwọ́.

Lọ́jọ́ ìwọkọ̀, aago tí mo yàn lórí áàpù ni mo dé, kò yá, kò pẹ́. Ní Galveston, ẹnu ọ̀nà tẹ́mínà ni mo kọ́kọ́ lọ láti já ẹrù sílẹ̀, kí n tó lọ páàkì ọkọ̀. Ẹni tó bá páàkì ṣáájú yóò wọ́ àpótí mẹ́rin gun bọ́ọ̀sì. Ìwé àmì ẹrù, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde nílé, mo fi sítépù dè é yípo ọwọ́ àpótí, mo sì fi sẹ́lò téèpù bò ó. Bébà lásán máa ń ya. Dọ́là méjì fún àpótí kọ̀ọ̀kan ni mo fún aláàárù. Tẹ́mínà ju ẹyọ kan lọ ní Galveston, ẹ ka nọ́ńbà tiyín dáadáa.

Òfin ní kí orúkọ gbogbo èrò ti dé ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tán, ìṣẹ́jú 60 kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní aago mẹ́rin, ẹni tó dé ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò rí ọkọ̀ lójú, kò ní wọ̀ ọ́. Kì í ṣe òde ìnáwó tí wọ́n kọ aago méjìlá sínú ìwé ìpè tí a óò dé ní mẹ́ta.

Bí mo ṣe wọlé, ibi ìpéjọ ààbò ni mo kọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà ibẹ̀ wà lára káàdì yàrá. Wọ́n yẹ káàdì wò, wọ́n fi bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù ìléfòó hàn, ó tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá sún un síwájú ni wọn yóò máa pe orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tẹ́lẹ̀, wákàtí 24 ni wọ́n ń fún ọkọ̀ láti ṣe é. Lẹ́yìn tí Costa Concordia dojú dé ní Ítálì ní oṣù Kìíní 2012, wọ́n yí òfin padà pé kí ọkọ̀ tó ṣí ni, tàbí bó bá ṣe ń ṣí gẹ́lẹ́. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì ewu. Ẹ kọ́ ọ fún àwọn ọmọ.

Lórí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ata ni èèyàn wa máa ń ráhùn lé. Ẹ má bá agbóúnjẹ jà. Ẹ sọ fún olórí wọn lálẹ́ kìíní pé ẹ fẹ́ oúnjẹ Íńdíà tó ta lẹ́nu. Àwọn ọmọ Íńdíà pọ̀ nínú ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti alẹ́ kejì ni àwo mìíràn yóò ti máa wá fún yín. Tíìpù ojoojúmọ́, bíi dọ́là 16 sí 20 fún ẹnì kan, wọ́n máa ń yọ ọ́ fúnra wọn. Ẹ kà á mọ́ owó ìrìn láti ilé.

Ọṣẹ àti omi ni mo ń lò kí n tó jẹun, ìṣẹ́jú àáyá 20. Jẹ́ẹ̀lì ọtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lórí ọkọ̀. Kí n tó sanwó, mo ti wo máàkì ìmọ́tótó ọkọ̀ náà lórí ìkànnì CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn: 100 ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, 85 sísàlẹ̀ ti já.

Cozumel ni aago ti ń dá ẹjọ́. Láti ọdún 2015, ìpínlẹ̀ Quintana Roo tí Cozumel àti Costa Maya wà kì í yí aago padà. Ní oṣù Kìíní, aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú ti Texas. Bí ọkọ̀ bá dúró sórí aago Texas, fóònù tó yí ara rẹ̀ padà yóò mú yín padà ní wákàtí kan ṣáájú, kò sí ewu. Ní ìgbà ooru, aago méjèèjì dọ́gba. Ẹni tó wọkọ̀ ní Miami nígbà ooru ni ewu wà fún: aago Miami ṣáájú ti Cozumel, fóònù yóò máa sọ pé mẹ́ta nígbà tí aago ọkọ̀ ti lu mẹ́rin. Aago ọwọ́ lásán ni mo wọ̀, mo tò ó mọ́ ti ọkọ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Fóònù wà ní airplane mode láti Galveston, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárín òkun ń gbówó gọbọi láìbéèrè. Mo ya àwòrán ìwé orúkọ àti nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, tó máa ń wà nínú ètò ojoojúmọ́. Cozumel ní ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́ta: Punta Langosta wà láàárín ìlú, Puerta Maya àti International Pier wà níta, ẹ óò wọ takisí. Ẹ mọ èyí tí ẹ ti jáde kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ni ẹ óò sọ fún awakọ̀ nígbà ìpadà.

Alẹ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí àpótí ńlá wà níta yàrá kí aago mọ́kànlá tó lù. Ẹ yọ aṣọ ọ̀la àti bàtà sílẹ̀ kí ẹ tó tì í. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn ti fi aṣọ ìsùn sọ̀ kalẹ̀. Èmi gbé ẹrù mi fúnra mi, mo sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Èso àti ẹran kì í wọlé padà. Ọtí tí ẹ rà ní Mẹ́síkò, àwọn òṣìṣẹ́ TABC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọtí ní ìpínlẹ̀ Texas, ń dúró de owó orí rẹ̀ nínú tẹ́mínà, èyí sì máa ń ya ẹni tó rò pé owó orí ti tán lẹ́nu.

Ohun tí oògùn ọjọ́ mẹ́wàá wà fún nìyí: kùrukùru. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, atẹ́gùn gbígbóná lórí omi tútù máa ń bo ẹnu èbúté Galveston, wọ́n á sì ti ọ̀nà omi pa. Ọkọ̀ yóò dúró lójú òkun títí ó fi lọ, ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ó lè jẹ́ odindi ọjọ́. Nítorí náà, n kò gba bàálù àárọ̀ fún àwọn tó bá mi lọ láti ìlú mìíràn, mo sì gba ìsinmi ọjọ́ Ajé mọ́ ọn níbi iṣẹ́.