Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ará Ìbàdàn, ẹ wọ agboolé

Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹnìkan á ju ìbéèrè sínú gúrúùpù WhatsApp pé ta lẹ máa dìbò fún, èèyàn igba á tẹ̀ ẹ́, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á ní Ìbàdàn ti sọ̀rọ̀. Ìbàdàn wo? Àwọn tó ní dátà lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn o. Ó máa ń dùn mí, torí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọ́jà'ba tí ọ̀rọ̀ ìlú ń dé bá jù ò sí nínú gúrúùpù yẹn.

Iye èèyàn nìkan ò tó. Ní 1936 l'Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù 2 tó dá a padà, wọ́n ní Landon ló máa wọlé ìbò ààrẹ, Roosevelt sì gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àti orúkọ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ò ríṣẹ́ ṣe.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí èrò aráàlú n'Íbàdàn, ẹ kọ́kọ́ pín ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 la ní, márùn-ún nígboro, mẹ́fà tó yí i ká: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Ká ní èèyàn 400 lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ ṣẹ́ kèké mú àdúgbò 50, ibi tí èrò pọ̀ sí kó gbà jù, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ níbì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn ni Afrobarometer, àjọ tó ń wádìí èrò aráàlú, náà ń mú, wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí káàkiri Áfíríkà láti 1999.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí mógàjí, olórí agboolé, kẹ́ ẹ tó kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Nínú agboolé, ìkòkò ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà, torí òrùlé kan lè bo ìdílé mẹ́wàá, àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan. Ẹ mú ìdílé karùn-ún, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ máa fo mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọkùnrin níbí, obìnrin níbi tó kàn: tó bá kan obìnrin, ẹ kọ orúkọ gbogbo obìnrin ilé tó ti pé ọdún 18, kí kèké mú ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá kan ọkùnrin. Baálé lè ní òun lòun máa sọ̀rọ̀, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́, 'Bàbá, ẹ má bínú, ìyàwó yín ni kèké mú o.' Tó bá lọ sọ́jà, ẹ padà wá nírọ̀lẹ́, ẹ má fi ẹni tó wà nílé dípò ẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìkan lẹ máa kó jọ.

Ìbéèrè wá ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ bi ará Ìbàdàn pé 'báwo ni nǹkan', á ní a dúpẹ́, ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ẹ̀ dùn! Ìkíni lẹ kí i, ó dá yín lóhùn ìkíni, àgbàlagbà kì í sì í sọ fún àlejò pé ebi ń pa òun. Ẹ bi í ní ohun tó ṣeé kà: láàárín ọdún kan yìí, ìgbà mélòó ni oúnjẹ ò tó nílé yín, kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ ìgbà, àbí ìgbà gbogbo? Ọ̀rọ̀ 'ìjọba' náà, ẹ tú u palẹ̀, torí ẹnìkan á máa rò ó s'Ábújá, ẹlòmíì á máa rò ó sí Agodi lọ́dọ̀ gómìnà, ẹlòmíì sí káńsù. Ẹ má sì béèrè pé 'ṣé ẹ gbà pé wọ́n ti ba ìlú jẹ́', ẹ ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu nìyẹn.

Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ rí l'Ápáta, gbogbo ìbéèrè ló fi ń yin ìjọba, nígbà tá a parí ló bi mí pé ìgbà wo ni ìrẹsì ọ̀hún máa dé. Láti ọjọ́ náà, mi ò parí ìbéèrè láì bi èèyàn pé 'ta lẹ rò pé ó rán wa wá?', ìdáhùn yẹn máa ń jẹ́ kí n mọ bí màá ṣe ka ìyókù. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ má kọ orúkọ tiwọn mọ́ ìdáhùn, ẹ má wọ fìlà ẹgbẹ́ kankan.

Àwọn tó ní àwọn ò mọ̀ tàbí tí wọn ò fẹ́ sọ, ẹ ka àwọn náà. Kí ìbò ààrẹ 2023 tó dé, ìwádìí mélòó kan fi Peter Obi síwájú, Tinubu ni INEC kéde, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti kọ̀ láti sọ tiwọn nínú àwọn ìwádìí yẹn. Ẹ má pín wọn fún olùdíje kankan.

Tó bá ku kíkà, èèyàn 400 lè fi bíi pásẹ́ńtì 5 yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, àní ó lè jù bẹ́ẹ̀ torí àwọn ará àdúgbò kan náà máa ń ronú jọra. Tí olùdíje kan bá ní pásẹ́ńtì 43, tí ìkejì ní 40, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò tíì rí ẹni tó wà níwájú, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ béèrè àti ibi tẹ́ ẹ dé sábẹ́ ẹ̀.