Ọ̀rọ̀ Mi Gùn Díẹ̀, Wọ́n sì Yọ Ọ́ Dànù: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Asẹ́ Ọ̀rọ̀

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ àlàyé kan nípa bí èèyàn ṣe lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Mo ya àwòrán sí i, mo to gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo wá gbé e sínú ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí irú nǹkan báyìí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti pòórá. Ohun tí mo rí dípò rẹ̀ ni ìkìlọ̀ kúkúrú kan: wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò torí pé ó rú òfin ẹgbẹ́, n kò sì ní lè sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 3. Òfin wo? Wọn ò sọ. Ta ló yọ ọ́? Wọn ò sọ. Ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ mi nìkan ni wọ́n fi sábẹ́ ìkìlọ̀ náà: «Ẹ káàbọ̀ o. Àlàyé yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.»

Inú àpótí ìkọ̀wé ẹgbẹ́ náà gan-an ni mo ti ń kọ ọ́ láti alẹ́ dé alẹ́. N kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíì. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń kọ Yorùbá níbẹ̀ léèrè. Ẹnì kan ní wọ́n ti yọ tòun náà rí, gbólóhùn tó sì kọ kò ju «Ẹ dúró díẹ̀, mò ń bọ̀» lọ. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé wáyà òun gùn ju èyí tí wọ́n júwe lọ, ni tiẹ̀ bá tún wọlẹ̀. Mo to gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ara wọn, mo ń wò wọ́n. Díẹ̀. Gùn. Mo bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ méjèèjì, ojú mi sì là: die, gun. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìkíní ni kí èèyàn kú, ìkejì ni ìbọn. Èmi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fara balẹ̀ kàwé, ẹ̀rọ ń kà á pé mò ń fi ìbọn àti ikú halẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹ má rò pé torí n kò fi àmì sí i ni. Mo fi gbogbo àmì sí i pátá. Àwọn tó ń bú èèyàn máa ń fi àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bo èébú kí asẹ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ burúkú láti yọ ọ́ kúrò, má baà dá a mọ̀, nítorí náà, asẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ gbogbo àmì dànù kó tó yẹ ọ̀rọ̀ wò. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tún lè tú u sí méjì, e àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti tú u tán, á ju àmì ìsàlẹ̀ nù, á ju àmì ohùn nù, e lásán lá kù. Ìyẹn ni pé bí èèyàn ṣe mọ Yorùbá kọ tó kò gbà á lọ́wọ́ asẹ́ yìí.

Inú mi dùn pé èmi ni mo rí i, mi ò ní parọ́. Mo jókòó, mo kọ àbá: ohun tó bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ìyẹn ò gbà ju wákàtí kan lọ. Mo fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ní ká máa fi àbá sí.

Asẹ́ gbé e mì.

Mo ti fi díẹ̀ àti gùn ṣe àpẹẹrẹ nínú rẹ̀, báwo ni mi ò ṣe ní í fi wọ́n ṣe é? Àbá tí mo kọ nípa asẹ́, asẹ́ náà ló yọ ọ́. Bó sì ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì mi nìyẹn, wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọjọ́ 7. Mo tẹ bọ́tìnnì kòtẹ́milọ́rùn. Èsì ẹ̀rọ wọlé lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn mi. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Àràárọ̀ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, èsì ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń dá padà fún mi.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni alábòójútó kan tó dáhùn. Ó ní: «A ti yẹ ọ̀rọ̀ yín wò, ìpinnu wa dúró. Ẹ kúkú yẹra fún ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn.»

Mo ka èsì yẹn títí. Kí n yẹra fún díẹ̀! Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ọjọ́ kan péré. Ẹ sún díẹ̀. Ó ku díẹ̀. Ara mi ti yá díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa ṣe é. Ẹ tún mú gùn kúrò, kí ọ̀nà má gùn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gun òkè mọ́. Ẹni tó kọ èsì yẹn kò gbọ́ Yorùbá, n kò sì bá a wí fún ìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò bi ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ a pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo sì wádìí, òun náà ló ti fọwọ́ sí ìyà ọjọ́ 7 yẹn. Ẹni tó dájọ́ náà ni wọ́n gbé kòtẹ́milọ́rùn lọ bá.

Lẹ́yìn tí mo ti bínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, ó sọ sí mi lọ́kàn pé asẹ́ kì í ka àwòrán. Mo kọ àbá náà síbòmíì, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé fọ́tò náà síbẹ̀. Ó dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí mi, ohun àkọ́kọ́ tó sì béèrè ni pé: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tí asẹ́ mú gan-an hàn mí.» Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ní òun ti rí i. Òun ló rán mi létí ìtàn Scunthorpe, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará ibẹ̀ ò lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní 1996, torí pé asẹ́ rí ọ̀rọ̀ rírùn kan láàárín orúkọ ìlú wọn. Orúkọ ìlú yẹn ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń pe irú àṣìṣe yìí títí dòní.

Mo ní kó bá mi wá àlàyé mi àkọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fi ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá yọ. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n la wà. Ká ní wọ́n dá mi lóhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta yẹn ì bá ṣì wà. Ibi tó ń ta mí jù lọ nìyí, ó ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n gba méjì nínú àbá mẹ́ta tí mo dá. Ìkíní: ní apá Yorùbá, asẹ́ ò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan fúnra rẹ̀ mọ́. Ó lè dá a dúró kí èèyàn wá wò ó. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kó máa ka àmì, ọ̀pọ̀ wa ló ń tẹ̀wé láìfi àmì sí i rárá. Ìkejì: ẹni tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ òfin tó rú àti gbólóhùn tó fi rú u. Èyí kì í ṣe àrà tuntun, ó ti wà nínú àwọn ìlànà Santa Clara láti 2018, ìyẹn ìlànà tó ní kí àwọn ojú òpó máa sọ iye ohun tí wọ́n yọ, kí wọ́n máa sọ ìdí fún ẹni tí wọ́n yọ tiẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ ẹni tí kò sí nínú ìdájọ́ àkọ́kọ́. Kòtẹ́milọ́rùn yẹn ni àbá mi kẹta. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò pọ̀ tó. N kò gbà. Ẹni méjì péré ti tó láti gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ara wọn, mo sì ti sọ fún wọn pé mi ò ní yé sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dábàá níbi tí ẹ wà, ẹ má kọ rẹpẹtẹ bíi tèmi. Gbólóhùn mẹ́ta tí asẹ́ mú ló ṣiṣẹ́ fún mi, ojú ìwé méjì tí mo fi ṣàlàyé ò ta pútú. Ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ gan-an rí, torí ká ní mo tètè ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí fi oṣù kan ṣòfò. Ẹ sì fi ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ pamọ́ sọ́dọ̀ ara yín.

Mo ti tún àlàyé yẹn kọ. Ìlà àkọ́kọ́ tó wà níjọ́sí náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, gùn àti díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ dára jù ú lọ. Apá tí mo ti ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ ṣ lórí fóònù, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, kò tíì já gaara bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.