Ohun Tó Yẹ Kí Ó Ṣẹ́kù Nínú Oko Kọfí

Ọjọ́ tí àdá bá kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ ni a ti ń pinnu iye igi àti irúgbìn tí yóò ṣẹ́kù nínú oko kọfí lẹ́yìn ogún ọdún. Inú igbó Áfíríkà ni kọfí robusta, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Kabba àti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí ń gbìn, ti ṣẹ̀ wá, abẹ́ igi ńláńlá ló sì ti mọ́ ọn lára láti máa hù. Ẹni tó bá wá tìtorí rẹ̀ bẹ́ gbogbo igi orí ilẹ̀ ti ṣe ju ohun tí kọfí béèrè lọ. Ẹ dá ìrókò, afárá àti ayùnrẹ́ sí, kí wọ́n jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn yóò fi máa yọ́ wọlé láàárín wọn. Ayùnrẹ́ ni àwa fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Orúkọ rẹ̀ náà ni Ìdí-Ayùnrẹ́ ń jẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí kòkó àti kọfí wà.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà máa ń ṣe dáadáa láàárín kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì máa ṣíji bo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ìgbà tí ẹ̀ka bá pàdé ẹ̀ka ni wàhálà ń dé. Ẹ wọ abẹ́ kọfí ọlọ́dún márùn-ún lọ́sàn-án gangan: ilẹ̀ á tutù, ewé gbígbẹ á máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìtàkùn ẹ̀gúsí kan ṣoṣo. Irúgbìn ọbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kúrò lóko, ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í sì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀. Ẹ pè é, kí ẹ sì ya etí oko sọ́tọ̀ fún ewébẹ̀ kí ẹ tó gbin kọfí.

Robusta kò lè fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ so èso. Afẹ́fẹ́ àti oyin ló ń gbé e wá láti ara igi mìíràn, nítorí náà ẹ po oríṣiríṣi ẹ̀yà pọ̀. Ọjọ́ mélòó kan péré ni òdòdó kọfí ń lò, oyin sì gbọ́dọ̀ rí òdòdó mìíràn jẹ ní àwọn oṣù yòókù. Ẹ má ṣe gé igi igbá, igi irú, tó wà nítòsí.

Bí kọfí bá darúgbó, ẹ má ṣe sáré fi kajú rọ́pò rẹ̀, nítorí abẹ́ kajú tó ti gbilẹ̀ kì í fẹ́ gba irúgbìn mìíràn. Ẹ gé kọfí náà kí ó ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 láti ilẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé dagun kí omi má baà dúró síbẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀hù méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta oko ni kí ẹ gé lọ́dún kan, kí oòrùn lè tún dé ilẹ̀ fún àgbàdo àti ẹ̀gúsí níbẹ̀, nígbà tí ìyókù ṣì ń so.