Bí ẹ ó ṣe pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, kẹ́ ẹ sì dè é kó má mì

Peugeot 404 bâchée (èyí tó ń kó ẹrù sẹ́yìn) ṣì wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu, Peugeot 504 náà ò tíì tán, ọkọ̀ tó ti wà látọdún 1960 àti 1968, irin wọn le, ẹ́ńjìnnì wọn ò lẹ́gbẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì báyìí ẹ ó rí bátìrì tó kàn jókòó lásán, wọ́n fi rọ́bà inú táyà so ó tàbí kí wọ́n ki igi bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ohun tó ń pa bátìrì gan-an nìyẹn o. Lóòótọ́ ooru wa ń jẹ́ kó tètè gbó, ṣùgbọ́n bátìrì tó bá ń fò sókè sódò ní gbogbo kòtò, àwo òjé inú ẹ̀ á máa sán, ohun tó lẹ̀ mọ́ wọn á máa já bọ́ sísàlẹ̀ títí àwo kan á fi kan èkejì, ó tán nìyẹn. Ẹni tó tà á lẹ ó wá lọ bá jà.

Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ wọn ti tẹ́lẹ̀: gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Gíga yẹn làwọn èèyàn kì í wò. Tó bá ga jù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa ìdérí dé, irin ìdérí á kan orí plus (+), iná dé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí plus wà pẹ̀lú, torí tó bá wà ní òdìkejì, wáyà ò ní dé ibẹ̀, ẹ ó wá máa fà á, wáyà tí wọ́n sì fà tantan kì í pẹ́ já. Volkswagen ìjàpá tó jáde ṣáájú 1966, bátìrì 6 fóòtì (volt) ni wọ́n ṣe é mọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti sọ ọ́ di 12 kẹ́ ẹ tó náwó.

Iṣẹ́ yá. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn tó ń ta kpayo (ẹpẹtiróò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà), bátìrì máa ń tú gáàsì háídrójìn jáde, tiẹ̀ nìkan ti tó ewu, ká má tíì sọ ti ẹpẹtiróò inú ìgò. Kò gbọdọ̀ sí sìgá níbẹ̀.

Clé (spánà) 10 tàbí 13 ló sábà máa ń tú u. Wáyà tó lọ mọ́ bọ́dì ọkọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ tú, ìyẹn moins (−) lára Peugeot. Ìdí ni pé tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti plus, tí irin ọwọ́ yín sì ṣèèṣì kan bọ́dì, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba inú clé yẹn kọjá, ó lè pọ́n bí ẹyin iná lọ́wọ́ yín. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ti Nàìjíríà wọlé, bíi Morris Minor, ọ̀pọ̀ wọn plus ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, nítorí náà ẹ tọ wáyà yẹn lọ wo ibi tó parí sí, ẹ má wo àwọ̀ ẹ̀.

Ẹ gbé ti àtijọ́ jáde ní òró, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ásíìdì wà nínú ẹ̀. Tó bá kan yín lára, omi púpọ̀ ni, kíákíá. Nǹkan funfun tó hù sórí àwọn wáyà, ẹ po bicarbonate mọ́ omi gbígbóná, ẹ dà á lé e, á hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí irin á fi dán. Tí ásíìdì bá ti jẹ àwo tó gbé bátìrì dé ibi tó lu, ẹ má gbé tuntun lé e, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló kàn.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ bátìrì, ẹ gbé e kó jókòó dáadáa láìyẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi irin ìdè tó dábùú orí ẹ̀ mú un pẹ̀lú bóòtù gígùn méjì tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Tí irin ìdè bá ti sọnù, wẹ́dà lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òmíràn, kẹ́ ẹ wé e ní rọ́bà kó má bàa kan orí bátìrì. Ẹ má fi wáyà lásán dè é, rárá o. Dídì ẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn gbọ́mọ pọ̀n: kó mú, kó má fún un pa, torí tó bá le jù, ike bátìrì á sán. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di bátìrì mú kẹ́ ẹ mì ín: ọkọ̀ ló yẹ kó mì, kì í ṣe bátìrì.

Ti Volkswagen ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, ẹni tó wúwo bá jókòó, sípíríǹgì àga lè kan orí plus, ọkọ̀ ti jóná bẹ́ẹ̀ rí. Ìdérí ike tàbí rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò pọn dandan.

Plus lẹ ó kọ́kọ́ dè padà lára Peugeot, wáyà bọ́dì lẹ́yìn. Ẹ má fi òòlù gbá a wọlé, òjé rọ̀. Kò gbọdọ̀ lè yí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí i, lẹ́yìn náà ẹ fi vaseline pa á. Ẹ má ṣi í dè o, plus síbi moins á jó alternateur níṣẹ̀ẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ní tẹ́sítà, bátìrì 12 fóòtì tó kún máa ń wà ní bíi 12.6 tí ọkọ̀ bá sùn, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4, tí kò bá tó 13, ẹ lọ wo bẹ́líìtì àti alternateur.

Bátìrì àtijọ́ náà, ẹ tà á lódindi fún àwọn tó ń rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ nínú àgbàlá yín. Ní Thiaroye nítòsí Dakar, láàárín 2007 sí 2008, ọmọdé 18 ló kú nítorí òjé bátìrì tí wọ́n ń yọ́ ládùúgbò.

Tẹ́ ẹ bá ti rin ọ̀nà eruku àwọn abúlé Kétu lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì irin ìdè méjèèjì, torí rọ́bà tuntun máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀, ìdè á sì dẹ̀.