Ìrírí mi: Bí a ṣe bá àwọn ọmọdé ṣe kíláàsì họ́lídè ní mísàn kan nínú igbó Akamkpa

Kàlàbá ni wọ́n gbé mi lọ sìnlú, inú NCCF, ẹgbẹ́ àwọn kọ́pà Onígbàgbọ́, ni wọ́n sì ti fi mí sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá ti ṣe kọ́pà nínú ẹgbẹ́ yẹn á mọ Rural Rugged, ìgbà tí gbogbo wa máa ń di ẹrù wọ abúlé lọ wàásù. Nígbà tí ìyẹn parí tí àwọn yòókù ń padà sígboro, èmi àti ẹnì kejì mi tọrọ àyè pé ká dúró sí mísàn kan, ibùdó àwọn tó ń wàásù ní abúlé, nínú igbó ní Akamkpa, ìpínlẹ̀ Cross River, ká bá wọn ṣe kíláàsì àwọn ọmọdé lásìkò họ́lídè.

Ọ̀nà Ekang tó já sí bodè Kamẹrúùnù lèèyàn máa gbà, ọ̀kadà á gbé yín láti ojú títì dé etí odò, ẹ ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Apá Oban nínú Cross River National Park, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, igi ibẹ̀ ga débi pé ọ̀sán gangan, ìsàlẹ̀ igi á ṣú. Òjò oṣù keje níbẹ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ èèyàn kó tó rọ̀.

Ìyá tó ń mójú tó mísàn náà, Mama ni gbogbo abúlé ń pè é, kò jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀kì jáde rárá. Ó kọ́kọ́ mú wa lọ kí olórí abúlé, lẹ́yìn ẹ̀ ló wá ní ká tẹ̀lé òun lọ wo ibi tí àwọn ọmọ wà. Àsìkò èso tí à ń yọ àpọ̀n nínú ẹ̀ ni, búṣì máńgò ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Kílẹ̀ tó mọ́ àwọn ọmọ ti wọ igbó lọ ṣa èyí tó jábọ́ lóru, tí wọ́n bá kó o dé, àwọn àgbà á fi àdá là á sí méjì, àwọn ọmọ á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ àpọ̀n inú ẹ̀, wọ́n á wá sá a sórí iná kó gbẹ. Owó ibẹ̀ ni owó ìwé wọn. Ta ló wá máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì laago mẹ́sàn-án àárọ̀? A gbé kíláàsì lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yọ àpọ̀n, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́, etí wọn wà lọ́dọ̀ wa. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ yọrí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ejagham ni wọ́n ń sọ nílé, àwọn tó dàgbà díẹ̀ gbọ́ Pijin, Bíbélì tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ ti Efik (wọ́n ti ní odindi Bíbélì lédè Efik láti 1868, tiwa pé ní 1884, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ o). Ọmọkùnrin kan tó wà ní sẹ́kọ́ndìrì ló ń túmọ̀ fún wa. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni màá ti sọ ìtàn náà fún un ní Pijin, òun á tún un sọ fún mi, tó bá di ọjọ́ kejì màá kàn jókòó máa wò ó ni. Ọjọ́ Dáfídì àti Gòláyátì, rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ ló fà yọ lápò, ó dojú ẹ̀ kọ igi gíga kan, gbogbo àwọn ọmọ dìde dúró.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní apá Cross River àti Akwa Ibom, wọ́n máa ń pe ọmọdé ní àjẹ́, kì í ṣe àhesọ. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé, tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, tí bàbá ẹ̀ kú lójijì, wọ́n lè ní òun ló fà á, wọ́n á lé e jáde nílé, àwọn tó ń pe ara wọn ní wòlíì á tún gbowó ìdáǹdè lórí ẹ̀. Akwa Ibom fi í sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wọn ní 2008 pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dáràn. Torí náà Mama ti kì wá nílọ̀ ṣáájú pé ká má sọ ìtàn ẹ̀mí èṣù kankan fún wọn, ká má sì ya ọmọ kankan sọ́tọ̀ máa pariwo àdúrà lé e lórí. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ọmọbìnrin kékeré kan wà tí àwọn yòókù kì í jókòó tì, mi ò bèèrè ìdí. Òun ni Mama máa ń gbé agogo kíláàsì fún. Á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á lù ú díẹ̀, á wojú Mama, kó tó wá lù ú gidi. Òun náà ló ń pín bisikíìtì, ẹni tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ tẹ́wọ́ níwájú ẹ̀. Nígbà tó máa fi pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń du ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jókòó.

Mary Slessor, míṣọ́nnárì ọmọ Scotland tó dé Kàlàbá ní 1876, tó kó lọ sáàárín àwọn Okoyong ní 1888, àwọn ìbejì tí wọ́n gbé jù sígbó ló ń gbà tọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ki ẹ̀jìrẹ́ ni wọ́n bí èmi sí, ìtàn yẹn máa ń dùn mí dé egungun. Ìbejì ìgbà yẹn àti ọmọ tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ lónìí, ọ̀kan náà ni lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ò tíì tán.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé bọ́ọ̀tù òjò, aṣọ alápá gígùn torí àwọn kòkòrò etí odò tó ń jẹni lọ́sàn-án, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kí àgbàlagbà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, ẹ má sì gbé fọ́tò wọn sórí Facebook láìgbàyè lọ́wọ́ òbí wọn. Ọmọkùnrin tó ń túmọ̀ yẹn la fi ìwé ìtàn àti ṣọ́ọ̀kì tó kù sílẹ̀ fún, òun ló ń ṣe kíláàsì náà ní ọjọ́ Ìsinmi báyìí, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ní kí a fi ránṣẹ́ sí òun, èyí tó ní àwòrán.