Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Kenya, bẹ́ ẹ ṣe máa náwó níbẹ̀ rèé

Ẹ má gbọ́kàn lé káàdì náírà yín o, ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì yín kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún àti iye tẹ́ ẹ lè ná lóṣù. Dọ́là ni kẹ́ ẹ mú dání, kó jẹ́ èyí tó mọ́ tí ò ya, torí àwọn tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀ kì í fẹ́ gba èyí tó ti gbó tàbí tó ti pẹ́ jù. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ìyókù di ìgboro. Ṣílè ni wọ́n ń ná, bébà 50 ló kéré jù, 1,000 ló tóbi jù.

Àmọ́ inú fóònù gan-an lowó Kenya wà. M-Pesa ni wọ́n ń pè é, pesa ni owó lédè Swahili, iléeṣẹ́ fóònù Safaricom ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, ní báyìí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ sukuma wiki létí títì ń gbà á, kọndọ́ ọkọ̀ matatu náà ń gbà á. Nọ́ńbà fóònù yín náà ni àkáǹtì yín. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Safaricom, ẹ ra síìmù, ẹ ní kí wọ́n ṣí M-Pesa sí i fún yín kẹ́ ẹ sì yan PIN, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kówó fún ejẹ́ǹtì kó fi sí i, wọ́n pọ̀ nígboro bí àwọn oníPOS tiwa. Wọn kì í gbowó lórí kéèyàn fi owó sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á sì tún bèèrè páásípọ́ọ̀tù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi M-Pesa sanwó, ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ san án fún: Till ni àbí Paybill? Till, nọ́ńbà kan péré ni, ti ọlọ́jà. Paybill, nọ́ńbà méjì ni, ti iléeṣẹ́ àti ti àkáǹtì, tẹ́ ẹ bá kọ ti àkáǹtì yẹn ṣì, wàhálà ni. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ẹni tówó ń lọ bá máa ń jáde kó tó lọ, ẹ kà á! Mo ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ ṣì fowó ránṣẹ́ sẹ́ni tí mi ò mọ̀ rí, mo sáré fi mẹ́sééjì ẹ̀ ránṣẹ́ sí 456, nọ́ńbà tí Safaricom fi ń bá èèyàn dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà, Ọlọ́run ló ní ẹni yẹn ò tíì ná an, ìyẹn ni mo fi rí i gbà padà.

Tẹ́nì kan bá pè yín pé òun ṣèèṣì fowó ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ bá òun dá a padà, ẹ má wo mẹ́sééjì tó wọlé rárá, àwọn gbájúẹ̀ máa ń kọ ayédèrú ẹ̀, iye tó wà nínú M-Pesa yín ni kẹ́ ẹ wò. Tówó bá tiẹ̀ wọlé lóòótọ́, ẹ ní kó lọ bá Safaricom.

Ẹ fi bíi 2,000 ṣílè sápò lójoojúmọ́, torí tí fóònù bá kú, ebi ò ní dúró de iná. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ kì í gba káàṣì lẹ́nu géètì, orí eCitizen, ìkànnì ìjọba Kenya lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ ti máa san án. Èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ nígboro kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ padà sí dọ́là kẹ́ ẹ tó kọrí sí ẹ́pọ́ọ̀tù.