Ẹní iná tó gba ₦120,000 lọ́wọ́ mi, àti sọ́ọ̀kì ọmọdé tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀

Títí di òní, tí ojú mi bá kan ẹní iná yẹn, inú mi máa ń ru. ₦85,000 ni mo fi rà á, mo tún fi ₦35,000 ra step-down (ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù) tì í, kò sì tíì mú ara ẹran kan ṣoṣo gbóná nínú kílíníìkì ẹranko mi n'Íbàdàn. Ológbò wa ló ń sùn lé e lórí báyìí. A ò sì fi iná sí i.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. Nínú oṣù keje ọdún tó kọjá, tí òjò ò dáwọ́ dúró, Màmá kan gbé ajá Lhasa rẹ̀ wá kí n bá a yọ ilé ọmọ. Kílò 4 péré ni ajá náà. Iṣẹ́ tí mo ti ṣe tí mi ò lè kà á mọ́ ni, mi ò ní í fi ìyẹn dá yín dúró. Mo gún un lábẹ́rẹ́ oorun, mo ṣí i, mo yọ ohun tí mo fẹ́ yọ, mo rán an. 50 ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó dà ò kún ṣíbí. Mo ti ń yan fanda.

Ajá ò jí. Wákàtí kan kọjá, ó di méjì. Ọkàn rẹ̀ ń lù gbọ̀ọ́rọ̀ gbọ̀ọ́rọ̀ bí ẹni tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún. Mo fún un ní atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára, kò yí nǹkan kan padà. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, mo kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí ìdí àmù. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí tẹmómítà. 34.2. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38 sí 39.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń yọjú lóòrèkóòrè.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ó ti kú tí ẹ ò fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá o, Mà, ó ń sùn ni."

Ó ń sùn! Èmi gan-an ò gba ara mi gbọ́. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù kó tó gbé orí sókè.

Ẹ̀bi mi ni o, mi ò ní í purọ́. Éésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ torí pé èmi ń làágùn lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Mo fá irun ajá láti àyà dé itan, mo wá da sípírítì sí i lára bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Sípírítì tó bá sì ń gbẹ lára, ooru ara ló ń kó lọ. Orí tábílì onírin ló dùbúlẹ̀ sí láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, dírípù tó ń wọ inú rẹ̀ tutù, ikùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ajá tó ti gba oògùn oorun ò lè gbọ̀n, kò lè ká ara jọ. Apá ibi tó ń ṣọ́ ooru nínú ọpọlọ rẹ̀ náà ti sùn. Ọ̀pọ̀ oògùn oorun tún máa ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ooru tó wà ní àárín ara á wá ṣàn bọ́ sí awọ àti ẹsẹ̀, níbi tó ti máa fò lọ. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìyẹn ni pé kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án rárá ni ara rẹ̀ ti ń tutù. Tí ara bá sì ti tutù, ẹ̀dọ̀ náà ò ní í lè tètè palẹ̀ oògùn mọ́. Ẹran tó kéré ló máa ń jìyà rẹ̀ jù, torí awọ rẹ̀ pọ̀ tí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo èyí. Mo tún un kà lóru ọjọ́ yẹn, àmọ́ dípò kí n ṣe ohun tí mo kà, mo gbéra lọ ra ẹ̀rọ.

Ọ̀gá kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ló tà á fún mi. "Dókítà, Amẹ́ríkà ni èyí ti wá o. Òun ni àwọn dókítà ajá ibẹ̀ ń lò." Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo rí 120V. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná tiwa 240 ni." Ó ní àdápítọ̀ lásán ni mo nílò, ó sì fún mi ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mo kàwé! Mo gbà á, mo tún dúpẹ́. Ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ni àdápítọ̀ ń yí padà, iná tó ń gba ibẹ̀ wọlé ò dín. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tó pariwo kí n tó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n. Ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ rìsíìtì hàn mí: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ó wá ní òun ní step-down nílẹ̀. ₦35,000. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó rẹ́ mi jẹ náà ni mo tún ka owó lé lọ́wọ́.

Mo rò pé ó ti tán. NẸ́PÀ ní kò tán. Ẹní yẹn ní bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí iná bá lọ tó sì padà dé, kì í tan ara rẹ̀, àfi kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì, kó dún píì. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tó bá jẹ́ pé mo ń ṣiṣẹ́ abẹ ni, ìbọ̀wọ́ tí kòkòrò ò gbọdọ̀ kàn ni ì bá wà lọ́wọ́ mi, ta ni ì bá bá mi tẹ bọ́tìnì? Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Iná rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ẹní náà ń dún píì, píì, ó tún kú. Mo bú u bí ẹni tó mọ̀ mí rí.

Ohun tó wá parí ọ̀rọ̀ náà ni pé mo ká aṣọ lé e lórí, mo fi tẹmómítà kan sí apá ọ̀tún, mo fi ọ̀kan sí apá òsì, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Apá kan 31, apá kejì 46. Ajá tó ń sùn ò lè sọ pé ibí yìí ń jó òun, kò sì lè yí ara padà. Awọ á ti jóná kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, egbò rẹ̀ sì lè má jáde títí di ọjọ́ mélòó kan. Mo fà á kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ológbò gba ibẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Màmá yẹn kan náà (Ọlọ́run ló mọ ohun tó fi tún fọkàn tán mi) gbé èkejì wá, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ìwọ̀n wọn ò jura lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa éésì kí ó tó dé. Mo fi ajá sínú páálí pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìgò omi gbígbóná méjì tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé dáadáa, ó wà níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú kó tó gba abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe. Ara tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ló ní ohun tó máa ná.

Mo wọ sọ́ọ̀kì ọmọdé sí i lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi náílọ̀n tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, èyí tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ róbótó róbótó, wé e láti ọrùn dé ìdí, ibi tí mo máa là nìkan ni mo dá sí. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ajá ń lọ sí ìlú òyìnbó. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oògùn apakòkòrò nu ikùn, mi ò da sípírítì. Àpò dírípù tí mo máa ń rì sínú omi gbígbóná tẹ́lẹ̀, asán ni, torí kí omi tó rọra kán gba inú rọ́bà dé ara ajá, ó ti tutù. Rọ́bà náà gan-an ni mo ká sínú abọ́ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́bàá ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà. Tẹmómítà ò kúrò nídìí ajá, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọmọkùnrin mi ń pe iye rẹ̀ sókè.

Ẹ má dán ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rọ omi gbígbóná sí wò o. Mo ti lò ó fún ọdún mélòó kan. Ó lè bẹ́, tó bá sì ti tutù tẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, òun náà ló máa wá máa fa ooru ara ẹran.

Nígbà tí mo so okùn tó kẹ́yìn, 37.4. Mo ní kí ọmọkùnrin mi tún un wò. 37.4! Láàárín 40 ìṣẹ́jú, ajá ti jókòó, ó ń fi eyín fa sọ́ọ̀kì kúrò lẹ́sẹ̀. Màmá ò tíì mu omi tí a gbé fún un tán.

Náílọ̀n àti sọ́ọ̀kì, ₦3,300 ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n fi àwòrán ẹní iná mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní èyí ò ní í bèèrè step-down. Mi ò tíì dá a lóhùn.